Ọ̀gá Mi Kejì

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Kétu, l'Ékòó, kí n tó ṣe firídọ̀mù. Mo rò pé mo ti kọ́ṣẹ́ tán.

Ọmọkùnrin mi ní ọ́tísìmù. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, bí mo bá ti wọ bùbá léèsì sí i lọ́rùn láàárọ̀ Sọ́ńdè, á figbe ta, á bọ́ ọ, á yí inú rẹ̀ síta, á wá tún un wọ̀. Èmi náà á tún yí i padà. Kí ni wọ́n máa sọ nípa ọmọ télọ̀ tó gbé inú aṣọ síta? Mo nà án nígbà mìíràn. Ó ń dùn mí dòní.

Mo ní oníbàárà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá àwọn oníṣòwò tòmátì ṣírò owó lọ́jà Mile 12. Bó bá wá gba aṣọ, kì í wo òde rẹ̀ rárá. Inú ló máa yí síta, á fi ìka tọ ojú rírán láti òkè délẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wíìfìn yìí ń rẹ́ mi lára bí ayùn." Ó ní òun ní ọ́tísìmù, pé òun ti dàgbà kí òun tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe òun. Mo wo ọrùn rẹ̀: síńgílẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, inú rẹ̀ ló wà lóde.

Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo ròyìn ọmọ mi fún un.

Ó ní, "Àǹtí, ó ti ń sọ fún yín tipẹ́."

Bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ó kọ́ mi pé kí n fọ aṣọ tuntun títí sítáàṣì á fi kúrò lára rẹ̀; kí n má fi lébẹ̀ù sọ́rùn; kí n má jẹ́ kí léèsì kan ara. Ó ní bí èèyàn bá rọra fọwọ́ kan òun fẹ́rẹ́, ara á bu òun máṣọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di òun mú ṣinṣin, ara òun á balẹ̀. "Àmọ́ ara gbogbo wa kò rí bákan náà. Ẹ máa wo ọmọ yín."

Mo wá rí i pé ọmọ mi kò dá wà. Temple Grandin, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1947, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn, kọ ọ́ sínú ìwé pé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ha òun lára wà lára ohun tó ń mú òun pariwo lọ́mọdé. Ní 1993, Jim Sinclair, tí òun náà ní ọ́tísìmù, bẹ àwọn òbí nílùú Toronto pé kí wọ́n yé ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó wà láàyè. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wí. Mo ti sunkún lórí òkè àdúrà nítorí ọmọ tí mo fọkàn yà, nígbà tí èyí tí mo bí ń pè mí nílé.

Mo ra àdìrẹ tó rọ̀. Mo ká etí rẹ̀ wọnú ara wọn, mo rán an pẹlẹbẹ, tinú tòde rí bákan náà. Ọmọ mi gbà á, ó yí i síta. Ó tún yí i padà. Ó wọ̀ ọ́, ó sì lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Mo gbé èkejì rẹ̀ fún ọ̀gá mi láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìka rẹ̀ rìn títí, ó dúró lábẹ́ abíyá.

"Àǹtí, ibí yìí ṣì ń gún."

Mo mú abẹ́rẹ́, mo tú u.