Èmi Nìkan Lórí Òkè Ìdànrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọkùnrin ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Bí obìnrin tí ó wà nílé ọkọ bá rìnrìn àjò, a ó rò pé ìnáwó ni ó ń lọ, tàbí ọjà, tàbí pé ó fẹ́ lọ bá àbúrò rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Kí ó kàn dìde kí ó lọ wo òkè, kí ó má pọn ọmọ kankan sẹ́yìn, ojú wo ni aráyé yóò fi wò ó? Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ni mo rìn ní oṣù Kọkànlá tí ó kọjá. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ mi.

Olùkọ́ ni mí kí n tó bí ìbejì. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ìyá Ìbejì ni orúkọ mi lẹ́nu gbogbo ènìyàn, mo sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, baálé mi bi mí léèrè pé nígbà tí àwọn ọmọ bá wọ ilé-ìwé, kí ni èmi fúnra mi fẹ́ ṣe? Ṣé n ó padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, àbí n ó gba ìsọ̀ lọ́jà gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti dábàá? Èsì kò jáde lẹ́nu mi. Mo mọ ohun tí àwọn ọmọ fẹ́, mo mọ ohun tí ìyá ọkọ mi fẹ́. Tèmi ni n kò rí mú. Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ méjì.

Ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ fajú ro. Ó ní, “Ìyàwó mi, ta ni o fẹ́ lọ rí lórí àpáta?” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Kò sí ẹnìkan, Màmá. Mo fẹ́ lọ ronú ni.” Ó wò mí títí, ó sì ní kí n lọ kó aṣọ àwọn ọmọ wá.

Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilẹ̀ kòkó ni gbogbo àgbègbè náà. Kí ènìyàn tó wọ ìlú ni àwọn àpáta yóò ti yọ sí i lókèèrè, dúdú, dídán, gíga, bí ẹni pé erin ńlá dùbúlẹ̀ yí ilé ká. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé abẹ́ ilẹ̀ ni òkúta akọ wọ̀nyí ti dì ní ayé àtijọ́. Òjò àti ẹ̀fúùfù ni ó gbá ohun tí ó bò wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n fi yọrí síta. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi orúkọ òkè yìí sínú ìwé àwọn ibi tí ó fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ní ẹnu ọ̀nà, akọ̀wé gbé ìwé ńlá kan sílẹ̀. Ó ní, “Orúkọ yín ńkọ́, Mà?” Mo ní, “Ìyá Ìbejì.” Ó rẹ́rìn-ín. “Èjìrẹ́ á dàgbà o, Mà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí bàbá yín sọ yín ni ìwé yìí ń béèrè.” Mo kọ ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti kọ ọ́ kẹ́yìn.

Àtẹ̀gùn tí ó gun òkè náà lé ní 600. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, n kò sì fo ọ̀kan nínú wọn. Bàbá àgbàlagbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi ọ̀nà han àlejò ń sọ pé, “Ẹ rọra, Mà. Òkè kì í sá lọ.” Nígbà tí a dé òkè, mo rí ohun tí n kò retí: ìlú gidi ni. Fún ọ̀pọ̀ ìran ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé orí òkè yìí, tí àpáta jẹ́ odi fún wọn lọ́wọ́ ogun, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Ààfin Owá ṣì wà níbẹ̀, àti ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti ilé agogo. Wọ́n fi ẹsẹ̀ Agbòógùn hàn mí lára àpáta, àti Omi Àpáàrà. Mo ronú nípa àwọn ìyá tí wọ́n ti pọn ọmọ rìn lórí òkúta wọ̀nyí, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àtẹ̀gùn.

Ilé-ìwé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo bẹ bàbá náà pé kí ó fún mi láyè díẹ̀. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi, níbi tí mo ti lè rí i, èmi sì jókòó sí ẹ̀bá ilé náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí etí mi tó gbà pé kò sí ẹni tí yóò ké pè mí. Nígbà tí ọkàn mi rọlẹ̀, ohun tí ó wá sí i kì í ṣe ìsọ̀, kì í ṣe owó. Ọmọbìnrin kan ni, nínú kíláàsì mi àtijọ́, tí kò mọ a, b, d nígbà tí ó wọlé, tí ó sì ka lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kí ọdún tó parí. Iṣẹ́ yẹn kò tí ì kúrò lára mi. Ìtọ́jú ọmọ ni ó bò ó mọ́lẹ̀, bí erùpẹ̀ ti bo àpáta.

Nígbà tí mo délé, ìyá ọkọ mi béèrè bóyá mo rí ohun tí mo wá lọ. Mo ní iṣẹ́ olùkọ́ ni. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Ta ni yóò wá máa mú àwọn ọmọ wálé lọ́sàn-án?” Àwa mẹ́ta jókòó, a sì pín ọjọ́ láàárín ara wa. Oṣù Kẹsàn-án ni n ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, n kò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún ilé rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ sọ fún ọkọ yín, ẹ fi ọmọ sọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é fọkàn tán. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí àpáta a máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ẹ mú omi dání, ẹ má sì gun òkè láìsí ẹni tí ó mọ ọ̀nà. Bí Ìdànrè bá jìnnà sí yín, òkè mìíràn lè wà nítòsí. Ẹ ṣáà wá ọjọ́ kan tí ẹ ó fi gbọ́ ohùn ti ara yín, kí èsì lè wà lẹ́nu yín nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ràn yín bá béèrè ohun tí ẹ fẹ́.