Láti Gbàgádà dé Tarkwa Bay: Ìjókòó àti Ìrọ̀rùn Èrò Ọkọ̀ Ìgbafẹ́

Tarkwa Bay jẹ́ etíkun kan ní ẹnu èbúté Èkó tí mọ́tò kì í dé. Omi nìkan ni ọ̀nà ibẹ̀. Ògiri òkúta tí wọ́n fi dá ìgbì dúró lẹ́nu èbúté ló mú kí omi rẹ̀ rọlẹ̀ ju ti àwọn etíkun yòókù lọ, nítorí náà ni àwọn ará Èkó ṣe ń lọ gbafẹ́ níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ àti lásìkò ọdún.

Ẹni tó bá ń ti Gbàgádà lọ á wọ dáńfó gba orí afárá Third Mainland dé CMS, níbi tó ti máa wọ bóòtù. Ìjókòó tó tó ènìyàn mẹ́ta ni kọ́ńdọ̀ ń pè ní "mẹ́rin-mẹ́rin". Èrò á sún, á gbé báàgì lé itan, á máa kùn. Ìwà burúkú ni, àmọ́ ó ti di òfin.

Ọ̀rọ̀ orí omi yàtọ̀. Bí ẹrù ṣe ń pọ̀ ni bóòtù ń wọnú omi, tí omi sì ń súnmọ́ etí rẹ̀. Bí èrò bá dìde dúró tàbí tí wọ́n kóra jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bóòtù á máa fì. Ọkọ̀ Le Joola ti ilẹ̀ Senegal, tó ń ti Ziguinchor lọ sí Dakar, ni wọ́n ṣe fún bí ènìyàn 580. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ìjì bá a lójú òkun Gáḿbíà, ó sì dojú dé. Àwọn tó kú lé ní 1,800.

Àjọ LASWA, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa bójú tó ìrìnnà orí omi, pa á láṣẹ pé kí èrò wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì, kí bóòtù má sì kó àkójù. Ní CMS, òǹkọ̀wé yìí rí awakọ̀ bóòtù kan tó kọ̀ láti gbéra. Ìjókòó kan ló ṣẹ́kù, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin ló sì fẹ́ wọlé.

"Ẹ jẹ́ kó rọra jókòó sétí níbẹ̀ yẹn."

"Màmá, ẹ má bínú. Ìjókòó kan, jákẹ́ẹ̀tì kan ni."

Àwọn tó ti jókòó ló wá gbé ariwo sókè: oòrùn ń pa wọ́n, ta ni awakọ̀ yìí ń ṣe fọ́ńté fún? Ẹ̀mí wọn gan-an ni ọkùnrin náà ń ṣọ́, òun náà ni wọ́n sì ń bú. Kò dá wọn lóhùn, kò sì tan ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó pẹ́, bàbá àgbà kan tú jákẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀. "Ọmọ mi, wá jókòó. Màá bá èyí tó ń bọ̀ lọ." Awakọ̀ tẹríba fún un, ó fà á lọ́wọ́ sókè sórí èbúté.

Bóòtù gbéra. Orúnkún rí àyè nà sí, kò sẹ́ni tó fara ti ẹnìkejì, àwọn tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan sì ń ya fọ́tò.

Bóòtù ìrọ̀lẹ́ ló máa ń kún jù, torí gbogbo ayé ló fẹ́ kúrò ní Tarkwa Bay kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó dáadáa á ti máa palẹ̀ mọ́ láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán.