Ohun Tí Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Lè Ṣe

Ogun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ abẹ́ omi, ìtàn sì gbè wọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 1864, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jagun, ọkọ̀ abẹ́ omi Hunley sọ ọkọ̀ ogun Housatonic di èrò ìsàlẹ̀ òkun nítòsí Charleston. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀ náà kò padà wálé. Ní ọdún 1915, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì yin tọpídò lu Lusitania, ọkọ̀ èrò tó ń ti New York bọ̀ wá sí Liverpool. Àwọn tó bá a lọ lé ní 1,100, tọmọdé tàgbà.

Àmọ́ iṣẹ́ tó dára jù lọ tí irú ọkọ̀ yìí ti ṣe kò sí lójú ogun.

Ẹ wo Alvin, ọkọ̀ kékeré tí kò gbà ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló ni ín, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilé ìwádìí òkun Woods Hole ló ń lò ó láti ọdún 1964. Ní oṣù Kìíní ọdún 1966, bàálù ogun Amẹ́ríkà méjì forí sọ ara wọn lókè Palomares ní Sípéènì. Bọ́ǹbù runlérùnnà mẹ́rin já bọ́, ọ̀kan nínú wọn sì wọ inú òkun lọ. Alvin ló wá a rí ní oṣù Kẹta, wọ́n sì fà á jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Èyí tó ṣe ní ọdún 1977 tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítòsí erékùṣù Galápagos, ní nǹkan bíi 2,500 mítà sísàlẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa àpáta tó wà nínú Alvin bá omi gbígbóná tó ń tú jáde láti inú ilẹ̀. Ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, síbẹ̀ ìṣáwùrú ńláńlá àti àwọn ẹ̀dá mìíràn kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kẹ́míkà inú omi náà ni kòkòrò àìfojúrí ń sọ di oúnjẹ níbẹ̀, láìsí ìtànṣán oòrùn. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí di èyí tí wọ́n ní láti tún kọ.

Alvin ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọdún 2022, ó ti lè dé 6,500 mítà nísàlẹ̀ òkun. Kí àwọn ìjọba tó ń kó owó lé ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ya púpọ̀ sí i sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí.