ORIN TÍ ÀWỌN BÀBÁ FI SÍLẸ̀

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orin nínú ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ wa yìí, ṣùgbọ́n ìròyìn ìsọmọlórúkọ, ti ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà kì í jẹ́ kí àyè gbà wá. Nísinsìnyí tí àyè ṣí díẹ̀, orin àwọn ẹlòmíràn ni a ó sọ, orin èdè Urdu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé Kánò, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì pẹ́ ni ó mọ ohun tí à ń pè ní orin Íńdíà. Láti nǹkan bí ọdún 1950 lọ ni àwọn ará Lẹ́bánónì tí wọ́n ni ilé sinimá ti ń kó àwòrán Íńdíà wá sí ilẹ̀ Hausa. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mother India, tí ó jáde ní 1957, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe é ní Kánò, tí àwọn ènìyàn ń wò ó ní àwòtúnwò. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè náà ń kọ orin inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn onílù bàǹdírì tí wọ́n ń yin Ànábì tilẹ̀ mú ohùn irú orin sinimá bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Hausa sí i, ó sì di orin ẹ̀sìn. Àwọn ọmọ tiwa ní Sábọ̀n Gàrí náà kò gbẹ́yìn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú orin tí à ń pè ní ti Íńdíà yẹn, akéwì èdè Urdu ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Akéwì Urdu ni Shakeel Badayuni tí ó kọ ọ̀rọ̀ orin inú Mother India. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sahir Ludhianvi àti Majrooh Sultanpuri, tí orúkọ wọn kún inú sinimá ayé ìgbà náà. Bí a bá gbọ́ Urdu àti Hindi lẹ́nu ará ọjà, èdè kan ni. Ìwé kíkọ ni ó yà wọ́n jù, nítorí pé lẹ́tà tí ó jọ ti Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ Urdu.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ka orin Urdu kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, òun gan-an ni ó sì mú wa gbé kálámù. Èyí ni orin ijó ìgbàlódé ti Pákístánì, tí ìlú Karachi jẹ́ orísun rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1954 wá. Àwọn tí wọ́n jó o ní èwe ti di arúgbó, àwọn tí wọ́n kọ ọ́, púpọ̀ wọn ti lọ. Síbẹ̀, bí ìgbéyàwó bá wà ní Karachi tàbí ní Lahore lónìí, wọn kò lè ṣe é kí wọ́n má fi í sí i, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tí ì délé ayé nígbà tí orin náà jáde a sì máa kọ ọ́ láìwo ìwé. Kí ni ó dé tí kò kú?

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ní oṣù August 1947 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ Íńdíà sí méjì kí wọ́n tó lọ, tí Pákístánì fi di orílẹ̀-èdè. Àìmọye àwọn ènìyàn ni wọ́n ṣí kúrò ní ilé bàbá wọn, Mùsùlùmí lọ sí apá kan, ẹlẹ́sìn Híńdù àti Sikh sí apá kejì, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn lójú ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n ti Íńdíà wá sí Karachi ni wọ́n ń pè ní muhajir. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn hìjírà Ànábì yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: ẹni tí ó ṣí kúrò ní ilé rẹ̀ ni. Urdu ni èdè ilé ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí. Ìjọba sì fi èdè náà ṣe ti orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ni kò tó ènìyàn 1 nínú 10 tí ó jẹ́ èdè abínibí fún ní gbogbo Pákístánì. Punjabi, Sindhi, Pashto, Balochi àti Bengali ni àwọn yòókù ń sọ nílé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó dùn mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù February 1952, ní Dhaka, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jáde láti sọ pé Bengali náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èdè ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí ó pín wọn níyà nígbà tí Bangladesh dá dúró ní 1971. A kò ní sọ̀rọ̀ adùn orin Urdu kí á fi ìyẹn pamọ́. Ohun tí ìjọba fi agbára ṣe, tí ó di ìjà, àwọn akọrin ṣe é láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Nínú àwọn tí ó ṣí wá ni Ahmed Rushdi wà. Hyderabad, ní apá gúúsù Íńdíà, ni wọ́n ti bí i ní 1934; ní 1954 ni ó dé Karachi. Kò pẹ́ tí ó dé tí ó kọ orin kan lórí asọ̀rọ̀mágbèsì nínú ètò àwọn ọmọdé, orin tí ó ń sọ bí ènìyàn ti ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin láti òpópó Bandar Road dé Kemari ní etí èbúté. Ẹ wo nǹkan! Àlejò tí kò tí ì mọ ilé púpọ̀ ní ìlú ni ó ń dárúkọ òpópó ìlú fún onílùú, tí onílùú sì ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń gbè é. Ó dàbí ìgbà tí ẹnìkan nínú wa sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Kánò, tí kò sì ju ìwọ̀nba oṣù lọ tí ó fi kọ orin láti Sábọ̀n Gàrí dé ọjà Kúrmì, tí gbogbo Kánò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti yí orúkọ Bandar Road padà sí ti M. A. Jinnah, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sì ti fi òpópó sílẹ̀ fún mọ́tò, ṣùgbọ́n inú orin Rushdi, ẹṣin ṣì ń sáré.

Ní 1966 ni sinimá kan tí à ń pè ní Armaan jáde. Waheed Murad, ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà, ni ó fi owó rẹ̀ ṣe é, òun náà ni ó sì ṣe ọkọ ìyàwó inú rẹ̀. Sohail Rana, tí wọ́n bí ní Agra ní Íńdíà, ni ó to ohùn orin. Masroor Anwar ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ahmed Rushdi ni ó kọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀kan nínú orin rẹ̀ ni "Ko Ko Korina". Orin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ronú ọmọbìnrin kan ni, pẹ̀lú ìlù àti gìtá bí ti àwọn Òyìnbó ìgbà náà, ẹsẹ̀ kì í sì lè dúró bí ó bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn púpọ̀ ní ilẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é ní orin ijó ìgbàlódé àkọ́kọ́ ní Pákístánì. Ọ̀sẹ̀ 75 ni sinimá náà fi wà lójú àwọn ènìyàn. Ní ọdún kan náà, 1983, ni Rushdi àti Waheed Murad papòdà.

Wọ́n lè sọ pé orin fúyẹ́fúyẹ́ lásán ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè tí àwọn akéwì bí Mir àti Ghalib ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ dán ni èdè náà, èdè ìfẹ́, èdè ìdúró de olólùfẹ́ lóru. Bí akọrin ìgbàlódé bá fi gìtá sí i, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣì ń bẹ nísàlẹ̀ bí omi ìkòkò tí ó tutù. Àwa ló yẹ kí ó yé jù. Gìtá I. K. Dairo wá láti òkè òkun, ṣùgbọ́n òwe àti oríkì tí ó ń sọ sí i, ilé ni ó ti kó o wá. Ìdí nìyẹn tí bàbá àti ọmọ fi lè jó o pọ̀: ẹsẹ̀ ọmọ ń gbọ́ ìlù, etí bàbá ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Àwọn Bengali pàápàá, tí a ti sọ pé èdè yìí mú ẹ̀jẹ̀ wá fún, ni wọ́n wà nínú àwọn tí ó kọ ọ́ dùn jù. Runa Laila, tí wọ́n bí ní Sylhet ní 1952, kékeré ni ó ti ń kọrin Urdu ní Pákístánì. Ní 1974 ó padà sí Bangladesh, síbẹ̀ àwọn Pákístánì kò gbàgbé rẹ̀. Alamgir ní tirẹ̀, ọmọ Bengali, dúró sí Karachi lẹ́yìn ìpínyà, ó ń fi gìtá rẹ̀ kọrin Urdu lórí tẹlifíṣọ̀n fún àwọn tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán. Ìyẹn kò rọrùn.

Lẹ́yìn náà ni ọmọdébìnrin náà dé. Nazia Hassan, tí wọ́n bí ní Karachi ní 1965, ń kàwé ní Lọ́ńdọ́nù nígbà tí ó kọ orin kan fún Qurbani, sinimá Íńdíà, ní 1980. Ọmọ ọdún 15 ni. Biddu ni ó to orin náà, ọmọ Bangalore tí ó ti di ará Ìlú Ọba. Ọmọ Karachi àti ọmọ Bangalore, ní Lọ́ńdọ́nù, fún sinimá Bombay, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì pé ọdún 10 tí ìlú méjèèjì jagun! Ẹ̀bùn Filmfare fún akọrin obìnrin ti 1981, òun ni wọ́n fún, kò sì sí ará Pákístánì tí ó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún náà ni òun àti Zoheb àbúrò rẹ̀ ṣe àwo Disco Deewane. Kí á sọ òtítọ́, ohùn rẹ̀ kò tó ti Noor Jehan, ìyá àwọn akọrin wọn, ní agbára. Ohùn ọmọ ilé kejì ni, tí ó ń kọrin bí ó ti ń fọ abọ́. Bóyá nítorí ìyẹn gan-an ni gbogbo ọmọbìnrin ìgbà náà ṣe rò pé àwọn náà lè kọ ọ́. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á ní Lọ́ńdọ́nù ní August 2000, ní ọmọ ọdún 35.

Ní 2018, ètò orin kan ní Pákístánì tí à ń pè ní Coke Studio gbé "Ko Ko Korina" jáde ní ọ̀tun, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ méjì. Ariwo sọ! Mínísítà kan nínú ìjọba tilẹ̀ bá wọn wí ní gbangba pé wọ́n ti ba orin náà jẹ́. Ní tiwa, a rò pé wọ́n le jù fún àwọn ọmọ náà, nítorí pé kì í ṣe ìbàjẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: ọdún 52 lẹ́yìn tí orin jáde, àwọn ènìyàn ṣì ń jà lé e bí ẹní ń jà lé ilẹ̀ bàbá wọn lórí.

Àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n wà ní Bradford àti Birmingham ni ó tún yà wá lẹ́nu jù. Púpọ̀ nínú ìdílé tí ó lọ síbẹ̀ kì í ṣe onílé Urdu rárá. Èdè Mirpur àti Punjabi ni ti ilé wọn, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ti ilé-ìwé. Orin àti sinimá wà lára ohun tí ó ń mú Urdu dé etí wọn. Wọn a kọ́ ẹsẹ orin kan, wọn a béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ìyá àgbà, lọ́la wọn a tún béèrè òmíràn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kàn wá. Àríyànjiyàn kan ti ń lọ nínú Ẹgbẹ́ wa fún ìgbà díẹ̀ lórí àwọn ọmọ tí a bí sí ìhín, tí wọ́n gbọ́ Hausa yékéyéké, tí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tí Yorùbá wọn kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Àwọn kan ní kí á kọ́ wọn ní á-bí-dí ná, kí wọ́n mọ ìwé dáadáa, kí á tó máa lù wọ́n ní àwo orin tí wọn kò lóye. A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò bá wọn lọ. Ọmọ Sábọ̀n Gàrí tí ó kọ orin Mother India láìgbọ́ èdè rẹ̀, ta ni ó kọ́ ọ ní á-bí-dí? Orin ni ó kọ́kọ́ wọlé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ìyá àgbà nílé tí yóò bi ní ìtumọ̀ orin Íńdíà, ti Yorùbá ni ó ní ẹni tí yóò dáhùn.

Ẹni yẹn náà kò ní wà títí. Nínú ilé tí ó ju ọ̀kan lọ ni a ti rí i pé, bí bàbá bá kú, wọn a pín agbádá rẹ̀, wọn a pín bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọn a sì gbé àpótí àwo orin rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kí òjò máa pa á. Haruna Ishola wà níbẹ̀, Yusuf Olatunji wà níbẹ̀, Tunde Nightingale wà níbẹ̀, èyí tí bàbá náà rà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tí ó gbé sórí itan nínú rélùwéè títí ó fi dé Òkè-Ọya, nítorí kí ó má baà fọ́. Ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé nínú àwo kan níbẹ̀ ni wọ́n ti kọrin kí àwọn ará ìlú bàbá òun.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin ìdílé gbogbo: bí àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì àwọn àgbà bá ń bẹ lọ́dọ̀ yín, ẹ gbé e wá sí ìpàdé. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó má baà sọnù. Ọ̀kan nínú wa ní ẹ̀rọ tí ó ṣì ń lù ú dáadáa, a ó sì máa lù ú lẹ́yìn tí a bá ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tán. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, ẹ sì mú ìyá àgbà dání, kí á lè gbé àga rẹ̀ súnmọ́ ẹ̀rọ náà.