Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Wa Lórí Omi

Ní Adakplamè, a kì í fi omi ṣeré. Ilẹ̀ òkè Kétu gbẹ, omi abẹ́ rẹ̀ sì jìn, débi pé ẹni tí ó ń gbẹ́ kànga lè gbẹ́ ẹ títí láìkan ohun kan ju erùpẹ̀ pupa lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, omi òjò tí ó ń ṣàn láti orí páànù ni a ń kó jọ sínú ìkòkò àti àgbá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, àwọn ìyá wa a jí ní òru láti wá omi lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá mi mọ iye ife omi tí ó wà nínú korobá kan gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ti mọ iye owó inú àpò rẹ̀. Títí di òní, wọn kì í da omi ife nù: èyí tí ọmọdé bá mu kù, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àwo adìẹ ni ó ń lọ.

Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà mí nígbà tí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bá mi pé inú ọkọ̀ òkun ni àwọn fẹ́ ti lo ìsinmi Àjíǹde. Wọ́n ti rí ọkọ̀ náà lórí fóònù. Icon of the Seas ni orúkọ rẹ̀. Láti Miami ní Amẹ́ríkà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ìgbafẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 365, ó ní àjà 20, ó sì lè gbé èrò tí ó lé ní 7,000, láìka àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ méje ni ó wà nínú rẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbé fóònù náà sí mi lójú, ó ní: «Bàbá, adágún méje! Lórí òkun tí ó ti jẹ́ omi tẹ́lẹ̀!» Ọmọ òkè Kétu ni ó sọ̀rọ̀ yẹn.

Owó oṣù olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò lè gbé ènìyàn mẹ́fà dé Miami. Ṣùgbọ́n mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì ṣèlérí fún wọn pé a ó wọ ọkọ̀, a ó jẹun lórí omi, a ó sì sùn lórí omi, láìkúrò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ganvié ni mo ní lọ́kàn, ìlú tí ó wà lórí adágún Nokoué, ní òdìkejì èbúté Abomey-Calavi.

«Ẹ máa lọ ní tiyín,» ni ìyá mi wí. «Èmi kì í wọ ọkọ̀ omi.»

Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n ní ìdí. Ní agbo ilé wa, bí ẹnì kan bá lọ sí ìrìnàjò, tí ọdún sì ń gorí ọdún tí a kò gbúròó rẹ̀, àwọn àgbà a ní: «Ó ti wọ ọkọ̀ omi.» Mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yìí láti ìgbà èwe mi. Ẹ̀kọ́ ìtàn àti jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, síbẹ̀ ó pẹ́ kí n tó bi ara mi léèrè bí ọkọ̀ omi ṣe wọ ẹnu àwọn ènìyàn tí ilé wọn jìnnà sí odò.

Ní ọdún 1886, lábẹ́ ọba Glele, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ṣẹ́gun Kétu, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ìyá àgbà tí ó tọ́ ìyá mi dàgbà jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Ilẹ̀ Abomey ni a kó wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí agbára Dàhòmì fi wó, tí Béhanzin bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé ní ọdún 1894. Nígbà náà ni wọ́n tó fi ẹsẹ̀ rìn padà wálé. Ohun kan ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́ fún ìyá mi: ẹni tí a bá mú gba orí ilẹ̀ lọ lè mọ ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n àwọn tí a ti mú ní ayé ìṣáájú, tí a fà dé Ouidah, tí a sì kó sínú ọkọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó padà wá kí ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn Àgùdà kan ti Brazil padà sí Ouidah, sí Àjàṣẹ́ àti sí Èkó. Kò sí èyí tí ó padà sí agbo ilé tiwa.

Àbíkẹ́yìn mi ni ó yí wọn lọ́kàn padà. Ó ní: «Ìyá àgbà, bí ẹ kò bá bá wa lọ, ta ni yóò sọ fún wa bóyá omi ibẹ̀ dára?» Ìyá mi wo ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì wọlé lọ yan aṣọ tí wọn yóò wọ̀.

A kúrò ní Adakplamè kí àkùkọ tó kọ. Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí a dé Kétu, mo sì ní kí awakọ̀ tákísì dúró díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ tí ó ṣẹ́ kù nínú odi ìlú. Odi amọ̀ àti yàrà jíjìn ni àwọn baba wa fi yí Kétu ká. Mo ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni a gba Pobè àti Sakété dé Àjàṣẹ́. Orí afárá Àjàṣẹ́ ni àwọn ọmọ ti kọ́kọ́ rí omi tí ojú wọn kò tó òpin rẹ̀, ariwo sì sọ nínú ọkọ̀. Ní Cotonou, a tún gba orí afárá kọjá ọ̀nà omi tí àwọn Faransé là ní ọdún 1885 láti so adágún Nokoué pọ̀ mọ́ òkun. Ẹ fi ọdún náà sọ́kàn. A ó padà sí i.

Oòrùn ti ga nígbà tí a dé èbúté Abomey-Calavi. Atukọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ Ganvié, pín ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì fún wa, ó sì fi bí a ṣe ń dè é hàn wá. Ó ní kí a má dìde nínú ọkọ̀, kí a má sì na ọwọ́ síta. Àkọ́bí mi, tí ó ti di géńdé lójú ara rẹ̀, fẹ́ gbé ẹ̀wù tirẹ̀ sórí itan. Mo sọ fún un pé ohun àkọ́kọ́ tí èrò inú ọkọ̀ ńlá ń kọ́ náà nìyí. Nígbà tí Costa Concordia kọlu àpáta ní etíkun Ítálì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, ènìyàn 32 ni ó kú, ọ̀pọ̀ èrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn kò sì tíì ṣe ìdánrawò ààbò kankan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin òkun àgbáyé sọ ọ́ di dandan pé kí èrò tuntun ṣe ìdánrawò kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí ní kété tí ó bá gbéra. Ọmọ náà gbọ́, ó de ẹ̀wù rẹ̀.

Ó ku ìyá mi. Wọ́n dúró lórí pákó èbúté, ẹ̀wù ààbò lórí bùbá wọn, wọ́n ń wo àlàfo kékeré tí ó wà láàárín pákó àti ọkọ̀. Omi dúdú ń mì nínú àlàfo náà. Wọ́n ní kí ìyàwó mi, tí ó gbọ́ èdè Gùn, bá wọn bi atukọ̀ ní ìbéèrè kan: «Ṣé o máa ń padà?»

Atukọ̀ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: «Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni mo ń padà.»

Ìyá mi na ọwọ́ sí i, wọ́n sì wọ ọkọ̀.

Adágún náà tẹ́ lọ bí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Kò jìn; ọ̀pá gígùn ni ọ̀pọ̀ apẹja fi ń ti ọkọ̀ wọn. A rí ohun tí wọ́n ń pè ní acadja: ẹ̀ka igi tí wọ́n gún mọ́ ilẹ̀ adágún ní agbo-agbo, tí ẹja ń wọ̀ láti jẹun àti láti bí sí i, tí wọ́n sì ń fi àwọ̀n yí ká nígbà tí ó bá tó kó. Ìyàwó mi ní: «Oko ni wọ́n ń dá sínú omi yìí.» Àwọn obìnrin ń kọjá nínú ọkọ̀ ọpọ́n, akẹtẹ̀ fífẹ̀ lórí wọn, ọjà níwájú wọn. Ọmọ mi obìnrin gbé fóònù sókè láti ya ọ̀kan nínú wọn. Obìnrin náà fi akẹtẹ̀ bojú. Atukọ̀ sọ fún wa pé àlejò púpọ̀ ń ya àwọn ará ìlú òun láìkọ́kọ́ kí wọn. Ojú ti ọmọ mi. Ó fi fóònù sápò, nígbà tí ọkọ̀ mìíràn sì súnmọ́ wa, ó kí obìnrin tí ó wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà jẹ́ ẹ, ó sì rẹ́rìn-ín.

Láìpẹ́, ìyá mi ṣe ohun tí a ní kí a má ṣe: wọ́n ti ọwọ́ bọ omi, wọ́n sì fi ahọ́n kan ìka wọn. «Iyọ̀ wà nínú rẹ̀,» ni wọ́n wí fún àbíkẹ́yìn mi. «Kò ṣeé mu.» Iṣẹ́ tí ọmọ náà bẹ̀ wọ́n ni wọ́n jẹ́ yẹn. Ọ̀nà omi ọdún 1885 ni ó ń mú omi òkun wọ adágún náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ rẹ̀ a pọ̀. Bí odò Ouémé àti odò Sô bá sì kún, omi odò a tún borí iyọ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà omi yẹn ni Kétu wó.

Báyìí ni a ṣe wọ Ganvié. Orí òpó igi ni ilé wọn dúró sí, omi ni òpópónà wọn. Ọjà ń bẹ nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ tí kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ ń tukọ̀ fúnra wọn. Atukọ̀ pa iná ẹ́ńjìnnì, ó sì sọ ìtàn ìlú rẹ̀ fún wa bí àwọn àgbà wọn ti ń sọ ọ́. Àwọn Tófìnù sá fún àwọn tí ń ṣọdẹ ènìyàn láti tà fún àwọn òyìnbó ọlọ́kọ̀. Wọ́n sá títí wọ́n fi dé orí adágún, nítorí pé èèwọ̀ ni fún àwọn ọmọ ogun Dàhòmì láti jagun lórí omi. Olórí wọn, Agbogboé, ni wọ́n ní ó di àwòdì kí ó lè fò wá ibi ààbò fún wọn. Orúkọ Ganvié fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń túmọ̀ rẹ̀, ń tọ́ka sí àwọn ènìyàn tí ó là.

Ìyá mi ti ń tẹ́tí sí ìtumọ̀ tí ìyàwó mi ń ṣe. Wọ́n kọjú sí mi.

«Ta ni wọ́n ní àwọn ń sá fún?»

«Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, ìyá mi.»

«Àwọn tí ó wá sí Kétu?»

«Ìjọba kan náà ni.»

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní: «Àwọn wọ̀nyí wọ ọkọ̀ kí wọ́n má baà wọ ọkọ̀.»

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn ìṣòwò ẹrú, n kò rí gbólóhùn tí ó kó o jọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀tá kan náà ni Kétu àti Ganvié ní. Kétu gbẹ́ yàrà, ó mọ odi; Ganvié fi omi ṣe odi. Odi tiwa wó, tiwọn ṣì ń mì tìtì lábẹ́ ọkọ̀ wa. Síbẹ̀ àwa àti àwọn kò mọ ara wa. Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ ọkọ̀ tí ó wà ní Miami, wọn kò mọ pé ní nǹkan bí 140 kìlómítà sí Kétu, àwọn kan wà tí ìtàn wọn dà bí tiwa.

Ní ìrọ̀lẹ́, a dé ibi tí ẹ̀rọ omi mímu wà. Ọkọ̀ ọpọ́n tó bí ogún ti tò yí i ká, àwọn obìnrin jókòó nínú wọn pẹ̀lú ike àti agbada, wọ́n ń dúró de tiwọn. Ìyá mi rọra rẹ́rìn-ín: «Omi yí wọn ká, wọ́n sì ń ra omi.» Wọ́n nawọ́ sí agbada obìnrin kan, wọ́n fi ìka béèrè iye ìgbà tí ó ń wá lójúmọ́. Obìnrin náà fi ìka mẹ́ta hàn. Ìyá mi fi ìka mẹ́rin hàn, wọ́n sì fọwọ́ kan orí ara wọn láti fi hàn pé orí ni àwọn fi ń ru tiwọn. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó ti jọ ń pọnmi láti kékeré.

Ilé àlejò kan lórí òpó ni a sùn. A fi ẹja yíyan jẹ àkàsà, omi ń lu òpó lábẹ́ pákó ilẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi ní ọkọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n kì í rìn. Nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo rí ìyá mi ní ẹnu ọ̀nà, ife kan lọ́wọ́ wọn, ó kún dẹ́nu fún omi mímu tí a rà. Mo rò pé òùngbẹ ni. Wọ́n pe orúkọ ìyá àgbà wọn jẹ́jẹ́, wọ́n pe àwọn orúkọ mìíràn tí n kò gbọ́ rí, wọ́n sì rọra da omi inú ife náà sínú adágún, gbogbo rẹ̀, láìku ẹ̀kán kan. N kò sún mọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kejì, atukọ̀ náà gbé wa padà sí èbúté bí ó ti ṣèlérí. Alẹ́ ti lẹ́ nígbà tí a wọ Adakplamè. Aládùúgbò wa kan, tí ó ti ń wá ìyá mi láti àárọ̀ àná, béèrè ibi tí wọ́n lọ.

«Mo wọ ọkọ̀ omi,» ni ìyá mi dáhùn, «mo sì ti padà.»