Ọwọ́ Ẹ̀sọ̀

Ọmọ Ẹdẹ ni mí. Ìtàn sọ fún wa pé Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, ògbójú tafàtafà, ló tẹ ìlú wa dó. Láti kékeré ni mo ti gbà pé ojú ọmọ Ẹdẹ kì í tàsé. Ọdún tí mo wà ní SS2 ni bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan fi hàn mí pé n kò tíì mọ nǹkan kan.

Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Dádì Kékeré, máa ń gbé àpò ọ̀pá fún àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní pápá MicCom tó wà ní Ada, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fún mi ní ògbólógbòó ọ̀pá kan àti bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Wọ́n ní kí n má gbá a títí àwọn yóò fi padà wá kọ́ mi. N kò gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo kó àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ sí pápá kan nítòsí ilé wa. Mo di ọ̀pá náà mú bí ẹni tó fẹ́ fi àáké la igi, mo sì fi gbogbo agbára mi gbá a. Bọ́ọ̀lù náà kò lọ síwájú. Ó yà sí ọ̀tún, ó fo ògiri, mo sì gbọ́ ìró gíláàsì tó fọ́.

Àpótí onígíláàsì Ìyá Alákàrà ni. Ọmọ wọn kékeré jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lápá rẹ̀ níbi tí àfọ́kù gíláàsì ti ha á. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sá lọ. Èmi náà fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò wúwo ju gíráàmù 46 lọ, ṣùgbọ́n ó le bí òkúta. Bó bá jẹ́ orí ọmọ náà ló bà ńkọ́?

Owó àjọ tí ìyá mi fẹ́ fi san owó ilé ìwé mi ni wọ́n fi ra gíláàsì tuntun, tí wọ́n sì fi tọ́jú ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi wà ní kíláàsì.

Nígbà tí Dádì Kékeré dé, wọn kò nà mí. Wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Alákàrà. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú mi lọ sí ibi gbalasa kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí kò sí ènìyàn.

Wọ́n ní, "Tìmì Láoyè tó jẹ́ ọba, tí gbogbo ayé sì mọ̀ wọ́n mọ́ ìlù dùndún, ṣé o rò pé wọ́n ń di kọ̀ǹgó mú típẹ́típẹ́ ni?"

Mo dáhùn pé, "Rárá, sà."

"Bí ọwọ́ bá le, ìlù kò ní sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá yìí."

Wọ́n ṣàlàyé pé bí mo ṣe fún ọ̀pá mọ́wọ́ ló mú kí ọrùn ọwọ́ àti èjìká mi gan. Ìkánjú sì mú kí ara mi ṣáájú ọwọ́ mi, ojú ọ̀pá wá ṣí sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n di ọ̀pá mú wọ́ọ́rọ́, kí ẹsẹ̀ mi fẹ̀ tó èjìká, kí ojú mi má kúrò lára bọ́ọ̀lù. Kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta bí mo bá ń gbé ọ̀pá sókè, kí n sì gbá a lórí ẹ̀rin. Bí mo bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn tí mo gbá a, agbára ti pọ̀ jù nìyẹn.

Wọn kò jẹ́ kí n gbé ọ̀pá kọjá ìbàdí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. A tẹ́ táwẹ̀lì sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Nínú ogún bọ́ọ̀lù, méjì péré ló balẹ̀ nítòsí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀, ó di mẹ́tàlá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo ṣe ń dín agbára kù ni bọ́ọ̀lù ń lọ tààrà sí i. Ihò gọ́ọ̀fù kò kúkú fẹ̀ ju mílímítà 108 lọ. Kì í ṣe agbára la fi ń wá irú ihò bẹ́ẹ̀.

Kí n tó gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ wo iwájú, ọ̀tún àti òsì. Níbi gbogbo tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù, wọ́n máa ń pariwo "Fore!" bí bọ́ọ̀lù bá forí lé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Dádì Kékeré ní, "Ariwo dára, ṣùgbọ́n kò lè dá bọ́ọ̀lù padà."

Àpá ṣì wà lápá ọmọ Ìyá Alákàrà. Bí mo bá lọ ra àkàrà láàárọ̀, ó máa ń na apá náà sí mi, á sì rẹ́rìn-ín. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà ló sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lára ọmọ ọlọ́mọ ni èmi ti kọ́ ọ. Kí tiyín má rí bẹ́ẹ̀.