Òjò Inú Yàrá Ìyá Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. N kò jalè, n kò pààyàn. Káfíńtà kan ni mo bà lórúkọ jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, nítorí omi tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ní February 2023 ni mo gbé iṣẹ́ òrùlé ilé ìyá mi fún un. Ó ṣe é tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó wá ku N40,000 tí mo máa san. March wọlé pẹ̀lú ooru rẹ̀. Mo ní n kò lè máa sùn nínú atẹ́gùn tútù l'Ékòó kí ìyá mi máa fi abẹ̀bẹ̀ ja ooru nílé. Mo ra A.C. kan fún wọn, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri yàrá wọn. Àwọn ará àdúgbò wá kí wọn bí ẹni pé wọ́n bímọ.

Ìgbà tó di July, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán nínú yàrá náà, tó, tó, tó. Ògiri bu, ó ń rùn bí aṣọ tí a ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Àwòrán bàbá mi tó ti wà níbẹ̀ láti 1981, èébu jẹ ojú rẹ̀ tán. Ìyá mi kó ẹní wọn jáde sí pálọ̀, ikọ́ sì mú wọn.

Ta ni mo máa bínú sí? Inú òjò la wà, òrùlé tuntun sì ni. Mo pe káfíńtà. Ó gun òkè lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀gbọ́n, páànù yìí ò jò o." Mo ní irọ́ ló ń pa, mo sì gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Mo dúró ní ìsọ̀ àwọn onípákó, mo sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ọmọ náà kò mọṣẹ́. Ẹnu àwa oníwèé ìròyìn, ẹ sáà mọ̀ ọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá kan tó ti gbé iṣẹ́ ilé rẹ̀ fún un fi gbà á padà.

Ìyá mi tí wọn ò lọ sílé ìwé rí ló kọ́kọ́ fura. August ni, òjò ti dáwọ́ dúró bó ti máa ń ṣe, síbẹ̀ omi ń kán. Wọ́n pè mí lórí fóònù.

"Ọkọ mi, òjò wo ló ń rọ̀ tí ilé fi ń jò?"

Mo ní omi tó ti dúró sókè àjà ni.

"Ó dáa. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọjọ́ tí NEPA bá mú iná lọ, kì í jò?"

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi yìí náà ni mo ti ní kí wọ́n máa tan A.C. sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, kó lè bá wa gbẹ ògiri!

Nígbà tí mo délé ní Sátidé, mo ní kí n dán ọ̀rọ̀ wọn wò. Mo pa A.C. náà. Títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi ò kán. Mo tàn án, kò tó wákàtí méjì, tó, tó, tó.

Mo pe ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Kò tilẹ̀ wo òkè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni omi rẹ̀ ń gbà jáde?" Mo ní omi wo? Mi ò bu omi sí i rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ara afẹ́fẹ́ ló ti ń fún omi. Ẹ wo ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì, bó ṣe ń làágùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin tútù inú A.C. ń làágùn bí afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin bá kọjá lára rẹ̀. Omi náà á sẹ̀ sínú àwo tóóró kan nísàlẹ̀, á gba inú rọ́bà tín-ínrín jáde sẹ́yìn ilé. Nígbà òjò, nílẹ̀ wa níbí, ó lè tó garawa kan lọ́jọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè má rí ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ.

A jáde sẹ́yìn ilé. Kòkòrò kan bí agbọ́n, èyí tó ń fi amọ̀ kọ́lé, ti di ẹnu rọ́bà náà pa. Omi kò rọ́nà lọ, ló bá padà sínú yàrá. Asẹ́ tó ń gba eruku náà nípọn bí aṣọ òfì, a ò fọ̀ ọ́ rí láti ọjọ́ tí a ti rà á. Ó ní bí asẹ́ bá dí, tàbí tí gáàsì bá lọ sílẹ̀, irin náà á di yìnyín. Bí yìnyín bá sì yọ́, omi á tún ya wọlé. Ó pa iná, ó fi wáyà tú amọ̀ náà, omi dúdú ya jáde. Ó wá bu ife omi kan sínú àwo náà, ó ní kí n lọ dúró lẹ́yìn ilé kí n wò ó. Omi náà jáde geerege. N5,000 ló gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé kì í ṣe nítorí ooru ni wọ́n tilẹ̀ ṣe dá ẹ̀rọ yìí sílẹ̀. Ní 1902, ọ̀rinrin ń yọ ilé ìtẹ̀wé kan lẹ́nu ní Brooklyn, New York. Bébà ń wú, ó ń sún kì, àwọ̀ kan ò sì bá ìkejì ṣe déédéé. Ọmọ ọdún 25 kan, Willis Carrier, ló ya àwòrán ẹ̀rọ tí yóò fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ fún wọn. Èmi tí mo ti pẹ́ nídìí ìwé ìròyìn ò mọ̀ pé nítorí àwọn atẹ̀wé ni wọ́n ṣe é!

Ní Mọ́ńdè, mo mú N40,000 lọ bá káfíńtà. Ó ń fá pákó. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ka owó náà, ó fi sápò.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé inú ṣọ́ọ̀bù mi níbí lẹ ti sọ ọ́?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo gba ìsọ̀ àwọn onípákó lọ. Àwọn tó jókòó níjọ́sí náà ló tún jókòó, wọ́n ń ta ayò.

Mo ní, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ níbí ní July."